Òpó Irin Tàbí Ìkòkò Òdòdó: Kí La Máa Fi Dí Iwájú Ibùdókọ̀ Rélùwéè Àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ibùdókọ̀ rélùwéè kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ dí iwájú rẹ̀ kí ọkọ̀ kankan má baà ya wọ àárín èrò. Agbaṣẹ́ṣe mú àwòrán wá: òpó irin ràgàjì-ràgàjì ló tò sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Àwọn kan nínú wa fárí gá, wọ́n ní ó máa ba ojú ilé náà jẹ́, ká kúkú gbé ìkòkò òdòdó ńláńlá síbẹ̀. Èwo ló lè dá ọkọ̀ dúró lóòótọ́? Ṣé kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é tí ibẹ̀ ò fi ní dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn o. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìkòkò òdòdó tí a kàn gbé lélẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Òpó irin lè dá a dúró bí wọ́n bá rì í dáadáa, àmọ́ ibi tí agbaṣẹ́ṣe yín fẹ́ rì í sí, èmi ò fara mọ́ ọn. Kí ẹ tó yan ọ̀kan, nǹkan méjì wà tí ẹ ní láti kọ́kọ́ béèrè. Eré wo ni ọkọ̀ lè bá dé ibẹ̀? Kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ iwájú ilé náà? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì ló ń yan ìdènà, lẹ́yìn náà la tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti eré. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó máa fi kọ lu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wọn kìló 7,500, tó ń sá kílómítà 80 ní wákàtí kan, gbé agbára tó tó bíi kílójúùlù 1,850 bọ̀. Bí nǹkan bá mú un dẹwọ́ eré sí 40, agbára náà á wálẹ̀ sí bíi 460. Ọkọ̀ kan náà ni o, ẹrù kan náà. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá mú ọkọ̀ dẹwọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ: kọ́nà tí a dá sí títì, etí títì tí a sún síta, àtẹ̀gùn, igi tó ti gbó, adágún omi kékeré. Ìṣòro ibùdókọ̀ àtijọ́ ni pé àwọn tó kọ́ wọn fẹ́ kí aráyé máa rí ojú ilé láti òkèèrè, wọ́n sì sábà máa ń la títì gbọọrọ tó lọ tààrà síwájú rẹ̀. Títì ẹ̀yẹ yẹn gan-an ni ẹni ibi máa fi sáré. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ dúró ní ìkángun títì náà kí ẹ wo ilé yín bí awakọ̀ ṣe máa wò ó. Bí ẹ bá ń rí ilẹ̀kùn gbangba láìsí ohun tó dí i, ojú títì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe iwájú ilẹ̀kùn.

Ìdènà tó dára jù tí mo mọ̀ nínú irú èyí wà ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ní ìsàlẹ̀ òkè kékeré tí Washington Monument, ọwọ̀n ìrántí gàgàrà kan, dúró lé. Kọnkéré ojú títì ni wọ́n kọ́kọ́ tò síbẹ̀, ó burú lójú. Nígbà tó fi di 2005, wọ́n ti fi ògiri kúkúrú tí wọ́n fi òkúta akọ mọ rọ́pò rẹ̀, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bá ìrísí òkè náà. Ọkọ̀ ò lè gùn ún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jókòó lé e á rò pé ìjókòó lásán ni.

Ti abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Òpó tí ẹ̀ ń rí lókè kò já mọ́ nǹkan kan bí kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń rì sínú ilẹ̀ lásán máa ń fẹ́ ìpìlẹ̀ kọnkéré tó jìn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ibùdókọ̀ rélùwéè St Pancras ní London, tí wọ́n ṣí ní 1868. Òkè ni ọkọ̀ ojú irin ń dé sí. Àjà ńlá wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá bíà sí. Ìwọ̀n àgbá bíà yẹn ni William Barlow, ẹnjiníà tó ṣètò rẹ̀, fi wọn àlàfo tó wà láàárín àwọn òpó irin tó gbé ilẹ̀ òkè ró. Ní ibùdókọ̀ Grand Central ní New York, tí wọ́n ṣí ní 1913, ojú irin alájà méjì ló wà lábẹ́ títì Park Avenue. Ta ló máa gbẹ́ kòtò mítà kan sórí irú ibẹ̀?

Fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpìlẹ̀ pẹlẹbẹ wà. Wọ́n á jó òpó mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ férémù irin kan tó fẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tí jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ, wọ́n á wá da kọnkéré bò ó. Bí ọkọ̀ bá kọ lu òpó kan, gbogbo férémù àti ìwúwo kọnkéré orí rẹ̀ ló máa jọ gbà á. Ó wúlò, àmọ́ ìwúwo yẹn náà ń tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí àjà bíríkì bá wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa ilé bíríkì àtijọ́ gbọ́dọ̀ bá yín ṣírò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò, kéékèèké, ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Àwòrán tó wà lọ́fíìsì máa ń parọ́ o. Páìpù omi tí wọ́n ní ó wà lápá ọ̀tún lè jẹ́ pé apá òsì ló gbà.

Ní ti ìkòkò òdòdó, mo mọ ìdí tí àwọn ará yín fi fẹ́ ẹ: ó dùn ún wò, kò ní gbígbẹ́, owó rẹ̀ sì kéré. Ní Jámánì ní 2017, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá tó ń sá kílómítà 50 kọ lu búlọ́ọ̀kù kọnkéré tó wọn tọ́ọ̀nù 2.4 tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀. Ńṣe ló tì í kúrò lọ́nà, tó ń bá tirẹ̀ lọ. Ewu ibẹ̀ tún di méjì nígbà náà, torí kọnkéré tó ń fò lọ náà á wọ àárín èrò. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n kó irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ sí àwọn ibi tí èrò pọ̀ sí ní Melbourne. Àwọn ará ìlú ò fẹ́ràn ìrísí rẹ̀, ni wọ́n bá ń kùn ún lọ́dà, wọ́n ń fi aṣọ aláràbarà wé e. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní bá a jà. Fún ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, rárá.

Ìkòkò tó ní férémù irin nínú, tí wọ́n so mọ́ ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ tìyẹn yàtọ̀, ó lè bá òpó dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjókòó òkúta tí irin wà nínú rẹ̀. Níwájú pápá bọ́ọ̀lù Arsenal ní London, lẹ́tà kọnkéré gàgàrà tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà ló ń dí ọkọ̀ lọ́nà, tí èrò ń ya fọ́tò lára rẹ̀. Àdàlù ni mo fẹ́ràn jù fún irú ilé tiyín: ìjókòó níhìn-ín, òpó díẹ̀ lọ́hùn-ún, igi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń dín ojú ọgbà ẹ̀wọ̀n kù.

Ẹ sún ìdènà náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí mẹ́ta ni mo ní. Àkọ́kọ́, bí ohun abúgbàù bá wà nínú ọkọ̀ náà, gbogbo mítà tó bá wà láàárín òun àti ilé ló ń dín agbára rẹ̀ kù, dígí sì ni òrùlé ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ àtijọ́. Ìkejì, bí iná bá sọ nínú ilé tí èrò ń tú jáde gìrọ́gìrọ́, tàwọn ti àpótí onítáyà lọ́wọ́, kò yẹ kó jẹ́ òpó ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ìkẹta ló ń dùn mí jù: àwọn tó tò sórí ìlà ń dúró de takisí. Àìmọye àwòrán ni mo ti rí tí wọ́n dáàbò bo ilẹ̀kùn, tí wọ́n wá fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ níta ìdènà. Ẹ̀bá títì ni kí ìlà òpó wà, kó jìnnà sí etí títì tó ìwọ̀n tí ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ lè fi ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

Ẹwà òpó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro tó bí ẹ ṣe rò. Páìpù irin tó nípọn ló ń ṣiṣẹ́ agbára. Ohun tí ojú ń rí jẹ́ ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un. Ẹ̀wù náà lè jẹ́ idẹ, ó lè jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà bíi ti òpó fìtílà àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Bí mọ́tò bá fara ha á, ẹ̀wù lẹ máa pààrọ̀, ẹ ò ní hú ìpìlẹ̀. Kí ayàwòrán ilé yín mú àwòrán ojú ilé náà, kó fa ìlà láti ara àwọn òpó àti ìgbátí ilé wá sílẹ̀, kó wá to òpó irin bá ìlà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí òpó kankan bọ́ sí àárín gbùngbùn ẹnu ọ̀nà ńlá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ihò kankan sára ògiri àtijọ́. Òkúta tí wọ́n bá hú nílẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn kí wọ́n lè tò ó padà bó ṣe wà. Kí gíga òpó tó mítà kan, kí àwọ̀ orí rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ilẹ̀, nítorí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Èyí tó kúrú ń gbé èèyàn ṣubú.

Àlàfo láàárín òpó méjì kò gbọ́dọ̀ ju mítà 1.2 lọ. Kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara gba ibẹ̀ kọjá, mọ́tò kò gba ibẹ̀. Ẹ wọn ti ìparí ìlà dáadáa, láàárín òpó tó kẹ́yìn àti ògiri, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìṣe jù. Òpó iná títì kì í ṣe ìdènà, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ọkọ̀ gbà yí mọ́tò ọlọ́pàá tó dábùú títì po, èèyàn 14 ló pa. Wọ́n ti hú àwọn òpó àtijọ́ ibẹ̀ láti fi tuntun rọ́pò wọn. Àwọn àtijọ́ ọ̀hún, èyí tó ń rìn lórí irin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń jù nígbà ọdún Mardi Gras sì máa ń há sínú irin náà títí òpó kò fi ní rìn mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ òpó tó ń wọlẹ̀ tàbí tó ṣeé yọ fún ọkọ̀ panápaná, kó jẹ́ ìwọ̀nba. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru sílẹ̀, kí ẹ sì máa dán an wò lóòrèkóòrè.

Tí ẹ bá padà dé ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, ẹ ní kó fi ìwé ìdánwò òpó náà hàn yín. ISO 22343 tó jáde ní 2023 ni ìlànà tí wọ́n fi ń dán ìdènà ọkọ̀ wò kárí ayé lónìí. Ẹ ṣì lè rí àwọn ìlànà mìíràn bíi IWA 14, PAS 68 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ASTM F2656 ti Amẹ́ríkà. Bí ti Amẹ́ríkà bá kọ M30, ó túmọ̀ sí ọkọ̀ kìló 6,800 tó ń sá bíi kílómítà 48. M50 jẹ́ kílómítà 80. P1 ni pé ẹrù ọkọ̀ náà kò wọlé ju mítà kan lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà M50 wọ̀ yín lójú bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ò lè sá ju 40 lọ níwájú yín. Irin àti owó lẹ máa fi ṣòfò. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ojú ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Bí ó bá jẹ́ kọnkéré mítà kan nínú ilẹ̀ líle ni wọ́n fi dán an wò, tí tiyín sì jẹ́ orí àjà bíríkì, ìwé yẹn kì í ṣe tiyín. Bó bá sì ní ìwé ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ má tíì buwọ́ lu ohunkóhun.