147573952589676412927 kì í ṣe prime, má dá Excel lóhùn

Àbúrò, o ní ṣé prime ni nọ́ńbà yìí (ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló ń pín in láìṣẹ́kù), mélòó ló pín in láìṣẹ́kù, àti pé kí ló dé tí Excel ń sọ ìdí ẹ̀ di òdo. Kì í ṣe prime o. Ọ̀rọ̀ Excel yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ torí ojú mi rí nǹkan.

Nọ́ńbà yìí gan-an ló wà nínú project tí mo gbé fún lẹ́kíṣọ́rà kan. Baba yẹn tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ló bá di 147573952589676000000, ló bá ní ṣé mi ò ríran ni, òdo ló wà nídìí ẹ̀, 10 pín in, kí ni mo wá ń fi Lucas, onímọ̀ ìṣirò tó ní kì í ṣe prime, da òun láàmú sí. Mo ní sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo pépà, 7 ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́, ló bá fi bírò pupa fa gbogbo ojú ewé yẹn já, ni mo bá tún lọ tẹ̀ ẹ́, mo tún sanwó báńdìn, lórí nǹkan tí mo gbà! Bẹ́ẹ̀ díjíìtì 15 péré ni Excel ń tọ́jú, èyí tó bá lé á sọ ọ́ di òdo láì sọ fún ẹnì kankan. Tìẹ yìí jẹ́ 21, mẹ́fà ló gbé mì. Tókìn iná tó jẹ́ 20 náà ńkọ́, tó o bá kó o síbẹ̀ lásán, márùn-ún ti lọ. Sọ cell yẹn di Text kó o tó lẹ nǹkan sí i, tó bá di ẹ̀yìn ìgbà yẹn ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀n, nọ́ńbà yẹn. 2^67 ni, ìyẹn 2 mẹ́tàdínláàádọ́rin (67) tí a fi ara wọn sọ di púpọ̀, yọ 1 kúrò. Mersenne, onímọ̀ ará Faranse, kà á mọ́ prime ní 1644, Lucas fi hàn ní 1876 pé irọ́ ni àmọ́ kò mọ ohun tó pín in, Cole ará Amẹ́ríkà ló rí i ní 1903: 193707721 × 761838257287. Prime làwọn méjèèjì, torí náà mẹ́rin ló pín in, pẹ̀lú 1 àti òun fúnra ẹ̀.

Àwọn ọ̀gá Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) tó máa ní kó o tẹ pow(2, n-1, n), ìyẹn àṣẹ́kù tí 2^(n-1) máa fi sílẹ̀ tó o bá fi n, nọ́ńbà rẹ, pín in, pé tó bá ti mú 1 jáde prime ni, sá fún wọn. Á mú 1 jáde fún èyí, kò sì jẹ́ prime. Gbogbo irú ẹ̀, ìyẹn 2^p tí a yọ 1 kúrò, tí p sì jẹ́ prime, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lucas–Lehmer, ìdánwò prime tó wà fún irú nọ́ńbà yìí, ni kó o lò.

Tó o bá ní Linux, ṣí terminal, tẹ factor, fi àyè sílẹ̀, lẹ nọ́ńbà náà, Enter. Má fi kọ́mà sáàárín ẹ̀ o.