Ó ń kàwé geerege, kò mọ kókó ibẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní Púráímárì 3. Bó bá ka ìwé nípa ẹranko tàbí ìlú, á kà á geerege. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé kí ni kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló máa ń dà kọ. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Bọ́lá, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́lá, ẹ má bá a wí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ wọn pé ìbẹ̀rẹ̀ ni kókó máa ń wà, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ fún un ní èyí kà:

“Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó láti Èkó wá sí Àbújá. Èrò ti pọ̀ jù ní Èkó. Ọkọ̀ kì í rọ́nà gbà. Àbújá wà láàárín Nàìjíríà, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn jù fún ará àríwá tàbí ará gúúsù. Àpáta Aso wà níbẹ̀.”

Bó bá da gbólóhùn àkọ́kọ́ kọ, ọjọ́ ló mú, ìdí bọ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: kí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí? Á ní, “Kíkó olú-ìlú wá sí Àbújá.” Orí ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dúró sí. Ẹ wá bi í pé: kí ni wọ́n sọ nípa rẹ̀? “Èrò tó kún Èkó àti ibi tí Àbújá wà ló jẹ́ kí wọ́n gbé olú-ìlú kúrò.” Ó ti dé ibẹ̀.

Kí ó padà sórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ti kókó yìí lẹ́yìn? Àpáta Aso kò tì í lẹ́yìn, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. (Òun gan-an sì ni ọmọ máa fẹ́ràn jù.) Bí gbólóhùn mẹ́ta nínú márùn-ún bá gba ìlà, kókó tó mú ni kò tọ̀nà.

Bí èyí bá ṣì le, ẹ da ìgbákọ, ìkòkò àti ṣíbí sórí ẹní: orúkọ wo ló kó gbogbo wọn? Ọjọ́ mélòó kan tó.

Ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ìpínrọ̀ kan lóòjọ́. Bó bá rí kókó ní Yorùbá tí kò rí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kí ẹ kọ́ ọ.