Oúnjẹ ọjọ́ méje nínú báàgì ẹ̀yìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo ti sá eré kìlómítà 42 lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, ọkàn mi fà sí Marathon des Sables, eré aginjù Sàhárà ní Mòrókò, tí kálukú ti ń ru oúnjẹ ara rẹ̀. Kí ni kí n gbé, báwo ni mo sì ṣe máa múra nílé?

Ìdáhùn: Ó dára tí ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹsẹ̀ yín ti gbó. Ẹrù ló kù.

Eré náà tó nǹkan bíi kìlómítà 250, ọjọ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ ó sá ju 80 lọ. Wọ́n á fún yín ní omi àti àgọ́. Oúnjẹ, àpò ìsùn àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn yín ni gbogbo rẹ̀ máa wà. Òfin tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni pé oúnjẹ òòjọ́ kò gbọdọ̀ dín ní 2,000 kálórì, báàgì kò sì gbọdọ̀ ju kìlò 15 lọ. Ẹ ṣáà ka òfin ọdún tí ẹ máa sá, wọ́n máa ń tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ méje di 14,000 kálórì. Àwa ọmọ Èkìtì, iyán la mọ̀ lóúnjẹ, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ nínú iyán: kí ẹ tó rí 14,000 níbẹ̀, ẹ ó ru tó kìlò 12, á sì ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Gààrí gbígbẹ á gbà tó kìlò mẹ́rin. Ẹ̀pà yíyan kò ní ju kìlò méjì àbọ̀ lọ, nítorí òróró inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà nìkan á sú yín, á sì wúwo nínú lórí ìrìn. Ẹ pa wọ́n pọ̀: gààrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, dàbínù. Mo fẹ́ràn gààrí fún eré yìí gan-an, torí omi tútù ti tó o. Àwọn mìíràn á ṣì máa wá iná lálẹ́, ẹ̀yin á ti jẹun tán.

Ẹ má gbàgbé iyọ̀. Ẹni tó ń làágùn látàárọ̀, tó ń da omi lásán mu ju bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀: orí á fọ́ ọ, á máa bì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Ó lè pa èèyàn.

Nílé, ẹ gbé kìlò mẹ́ta kọ́yìn láti Adó lọ sí Ìyìn, kí ẹ sì padà. Ẹ máa fi kìlò kan kún un lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gba òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ, kí ẹ máa rìn ín kíákíá dípò sísá. Rírìn náà lẹ máa rìn jù nínú iyanrìn. Ẹ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, oòrùn Èrèlé àti Ẹrẹ́nà dára fún un. Ó máa ń gba ara tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ́ra pẹ̀lú ooru.

Ẹsẹ̀ máa ń wú lọ́nà, nítorí náà ẹ ra bàtà tó fi díẹ̀ tóbi jù yín lọ, kí ẹ sì fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ kí iyanrìn má bàa wọlé. Ìléròrò kékeré ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró.

Wọ́n á béèrè ìwé dókítà àti àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ECG ṣe. Ẹ lọ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.