Àwo orin wo ni àwa afọnfèrè fẹ́ràn jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo ń fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ní ìjọ wa n'Íbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àwo orin tí àwọn afọnfèrè gbà pé ó dára jù láyé, èyí tí wọ́n ti fọn ohùn tó ga jù, kí n lè máa fi kọ́ ara mi. Ọ̀gá kan ní kí n máa tẹ fèrè mọ́ ètè gan-an, ó sì ta ìpara kan fún mi ní ₦6,000 tó ní á mú kí ètè mi yi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìbéèrè yìí ti sú mi, ìpara ibẹ̀ nìkan ló máa ń yàtọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé àwo tó dára jù ni èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù?

Kó afọnfèrè mẹ́wàá tó mọṣẹ́ jọ, kó o ní kí wọ́n dárúkọ àwo tí ọkàn wọn fà mọ́ jù. Wọn ò ní fẹnu kò, ìyẹn dájú. Àmọ́ Kind of Blue tí Miles Davis, afọntrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1959 kò ní ṣaláì jẹ yọ, bẹ́ẹ̀ Miles ò bá ẹnikẹ́ni du ohùn òkè níbẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ lóru, tí kò fẹ́ jí ará ilé. Àwọn tó ń fọn họ́ọ̀nù (fèrè idẹ tí wọ́n ká róbótó, tí wọ́n ń pè ní French horn) á dárúkọ Dennis Brain, afọnhọ́ọ̀nù bíi tiwọn, orin Mozart tó gbà sílẹ̀ ní 1953.

Tèmi ni West End Blues tí Louis Armstrong, afọntrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, 1928. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló ń pariwo bó ṣe dá fọn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dúró de apá ìparí. Armstrong á di ohùn kan ṣoṣo mú fún bar mẹ́rin, ìyẹn ni pé wàá fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohùn náà ga, mi ò jiyàn. Àmọ́ gbọ́ bí kò ṣe tín-ín-rín, bí kò ṣe gbọ̀n. Èémí ló gbé e dúró.

O sì fẹ́ mọ ohun tí títẹ fèrè mọ́ ètè ṣe fún Armstrong kan náà? Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1930, ètè rẹ̀ ti bẹ́, ó ti lápàá, ó sì ní láti gbé fèrè sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Òun náà ní ìpara tiẹ̀ o! Ètè tó ti bàjẹ́ ló ń fi tọ́jú.

Ètè ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde; bó bá ṣe ń yára gbọ̀n tó ni ohùn ń ga tó. Tó o bá wá fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa, ètè á kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Ohun tó ti kú, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ̀n? Kí fèrè kan ètè débi tí afẹ́fẹ́ ò ní sá, kó mọ síbẹ̀. Igun ẹnu ni kó dúró gírí.

Wọ́n á ní ètè tó yi ló ń ṣiṣẹ́. Ní 1968, àwọn afọnfèrè idẹ láti ẹgbẹ́ olórin ńlá mẹ́ta, ti Philadelphia, Cleveland àti Chicago, péjọ fọn orin Giovanni Gabrieli, ará Venice tó kú ní 1612. The Antiphonal Music of Gabrieli ni wọ́n pe àwo náà: apá kan á pè, apá kejì á dáhùn, bí lílé àti ègbè tiwa. Adolph Herseth wà níbẹ̀. Ní 1952 ló ní jàǹbá ọkọ̀ tó ya ètè rẹ̀, tó sì yọ eyín rẹ̀. Ètè tí wọ́n rán yẹn ló fi ṣe aṣáájú trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ní Chicago títí di 2001. Arnold Jacobs, tó ń fọn túbà, fèrè idẹ ńlá yẹn, fún wọn ní Chicago, ní ikọ́ fée, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì gba afẹ́fẹ́ tó ti ẹlòmíì. Síbẹ̀ òun ni àwọn afọnfèrè ń wọ́ lọ bá pé kó kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń mí.

Nílé ńkọ́? Wá Victor Ọláìyá gbọ́, bàbá aláṣọ ìnujú funfun. Lẹ́yìn náà, No Agreement ti Fẹlá, 1977, níbi tí Lester Bowie, ará Amẹ́ríkà tó wá bá a gbé l'Ékòó, ti fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń ṣe àwàdà. (Fẹlá gan-an, trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ní London.)

Mi ò kì í ṣe dókítà o. Mi ò rí ètè rẹ, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ìpara yẹn. Bó bá wú, tó ń ro ọ́ ju ọjọ́ méjì lọ, tàbí tó kú tì, sinmi, kó o lọ rí dókítà. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o máa fọn ọ́n lọ.

Lálẹ́ òní, fi fèrè sínú àpótí rẹ̀. Gbọ́ West End Blues lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mí kanlẹ̀, kó o fẹnu kọ ohùn gígùn yẹn pẹ̀lú Armstrong. Ibi tí èémí rẹ bá ti tán, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. ₦6,000 yẹn, béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn.