Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ̀dá-Ìtàn Tuntun Wọ Ayé Tí Òǹkọ̀wé Mìíràn Dá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Olùkọ́ ni mí ní Ìkéré-Èkìtì, mo sì ti fẹ́ràn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà kọ, láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé. Mo ń kọ fan fiction lórí rẹ̀ báyìí, ìyẹn ìtàn tí olólùfẹ́ ìwé kan ń fi ayé àti ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé náà kọ. Mo dá ọ̀dọ́mọbìnrin ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ìbídùn, ọmọ Ìkéré, mo sì fi í kún àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Langbodo nínú ìwé náà. Àwọn tí wọ́n bá mi kà á sọ pé Ìbídùn ti gba ìtàn mọ́ àwọn ọdẹ yòókù lọ́wọ́, pé kò sì jọ ẹni tí ó ti inú ayé náà wá. Báwo ni kí n ṣe é tí yóò fi bá ìtàn náà mu? Ṣé ó tọ́ kí n mú ilẹ̀ Èkìtì wọ inú ayé tí Fágúnwà dá? Bí mo bá sì parí rẹ̀, ṣé mo lè tà á?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìbéèrè. Mo ka orí mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́ dé òpin. Kì í ṣe jíjẹ́ tí Ìbídùn jẹ́ obìnrin láàrin ọkùnrin ni ó fa ìṣòro, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ó jẹ́ ọmọ Ìkéré. Ní orí kìíní, ó ta ọfà ju Èfọ̀ìyẹ̀ lọ. Ní orí kejì, ó kọrin títí Olóhùn-iyọ̀ fi panu mọ́. Nígbà tí ó fi di orí kẹta, Ìmọ̀dóyè fúnra rẹ̀ ti ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Fágúnwà pín ẹ̀bùn láàrin àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn ni. Ohun tí ọ̀kan lè ṣe, èkejì kò lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ara wọn lójú ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá wá dé tí ó kó gbogbo ẹ̀bùn náà jọ sọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sí ohun tí àwọn yòókù tún ń wá nínú igbó.

Àwọn tí ń kọ irú ìtàn yìí ti mọ àléébù náà tipẹ́. Ní ọdún 1973, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Paula Smith, kọ ìtàn kékeré kan láti fi àwọn ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ń kọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin tí ó fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn náà ń jẹ́ Mary Sue, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ òun ni ọ̀gá tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú ọ̀run, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Mary Sue. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn kan ti sọ orúkọ yìí di igi tí wọ́n fi ń na gbogbo obìnrin tí ó bá ti lágbára nínú ìtàn. Èmi kò gbà pé agbára ni àbùkù. Àkàrà-ògùn, olú ẹ̀dá-ìtàn Ògbójú Ọdẹ, lágbára, ó lóògùn, ó mọ ọfọ̀, síbẹ̀ ìjà òun àti Agbákò, abàmì inú igbó, kò rọrùn fún un rárá, ẹ̀rù sì máa ń bà á débi pé ó ń sọ ọ́ fún wa láìtijú. Ohun tí Ìbídùn kò ní ni ìnira: kò sí ohun tí ó ṣe nínú orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ná an ní ohunkóhun.

Ibi tí ẹ ti mú un wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ fi í kún àwọn ọdẹ tí ọba rán níṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ìtàn náà ti kún jù lọ, kò sí àyè. Ẹ rántí pé Àkàrà-ògùn ni ó ń ròyìn ìrìn-àjò náà fún ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nìkan ni ó lè sọ. Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọjá lọ, ní abúlé tí wọ́n fi sílẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn tí kò bá wọn lọ, wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó sọ ọ́. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn tuntun ń gbà wọlé láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Nígbà tí Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, fẹ́ bá wọn lọ, obìnrin rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀, Kàkó sì fi àdá ṣá a pa, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìtàn kò dúró ti òkú obìnrin náà, àwọn ọdẹ sì ń lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní ẹbí. Ta ni ó rí òkú náà? Ta ni ó gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀? Bí Ìbídùn bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ti fi ọ̀kan fọ́kọ tí èkejì sì ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ bàbá wọn? Yóò tọ ipasẹ̀ àwọn ọdẹ wọ inú igbó láìjẹ́ pé ọba rán an, kò ní oògùn tó wọn, òye ìtọpasẹ̀ ẹran nìkan ni ó ní, yóò sì máa bá àwọn iwin tí àwọn ọdẹ ti mú bínú pàdé lẹ́yìn wọn. Ní báyìí, kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Kàkó gan-an yóò tún níyì sí i lójú òǹkàwé, nítorí a óò mọ̀ pé ohun tí ó ṣe ń tẹ̀lé e bọ̀. Ẹ kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tí Fágúnwà kọ, síbẹ̀ ayé náà ti fẹ̀.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Nígbà tí ó kọ Igbó Olódùmarè ní 1949, ó padà sẹ́yìn lọ bá Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ó sì fi ìrìn-àjò tirẹ̀ ṣe ìtàn odindi.

Ní ti ilẹ̀ Èkìtì, ó tọ́ kí ẹ mú un wọlé, mo tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ ṣe é. Ohun tí ẹ ṣe ní orí kejì, tí ẹ fi ojú-ìwé méjì júwe bí Òkè Olósùnta ti Ìkéré ṣe ga tó, kò tíì tó láti sọ òkè náà di ara ayé ìtàn. Nínú igbó Fágúnwà, ibi kọ̀ọ̀kan ní onílé, onílé náà sì ní òfin. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò san nǹkan, ì báà jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọgbọ́n tàbí sùúrù. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ibi tí ẹ mú wá yóò gbà lọ́wọ́ Ìbídùn. Ẹ wo Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí a sì lè fọwọ́ mọ èyí tí ó gbóná yàtọ̀ sí èyí tí ó tutù. Ẹ lè dá iwin méjì tí wọ́n jọ ń ṣọ́ irú odò bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan má ṣe jẹ́ kí ẹni tí inú ń bí kọjá, kí èkejì sì kọ̀ fún ẹni tí ó ti gbàgbé òkú rẹ̀. Ìbídùn tí ó ń bínú nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti há nìyẹn, ẹ ó sì ní orí ìwé kan tí kò sí ibòmíràn tí ó ti lè ṣẹlẹ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan lórí èyí. Àwọn èèyàn ń bọ Olósùnta ní Ìkéré títí di òní, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di abàmì tí ọdẹ pa. Bí ẹ bá fẹ́ òkè tí a ó bá jà, ẹ fúnra yín dá a, kí ẹ sì fún un lórúkọ.

Orúkọ Ìbídùn dára, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ Fágúnwà máa ń ru iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ orúkọ. Ìbídùn Atọpasẹ̀-ẹran yóò jókòó tì wọ́n láìṣàjèjì. Ní ti ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì, kí ó pe ilé ní ulé, kí ó pe iṣu ní uṣu, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nígbà tí ó bá ń bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ tàbí tí inú bá ń bí i. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ìgbà, yóò rẹ òǹkàwé tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ẹ má sì fi tipátipá kó ọ̀rọ̀ jọ bí ti Fágúnwà. Ohùn tirẹ̀ nìyẹn, ẹ ní tiyín.

Ó ku ọ̀rọ̀ títà. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà fi àṣẹ láti sọ ìwé di ìwé mìíràn sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, àṣẹ náà sì wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ọdún 1963 ni Fágúnwà papò dà, nítorí náà ìparí ọdún 2033 ni ẹ̀tọ́ náà yóò tó parí. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ kò gbọdọ̀ tà á láìgba àṣẹ. Pé ẹ fi í fún àwọn ọ̀rẹ́ kà lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì túmọ̀ sí pé òfin ti yọ̀ǹda rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í bá olólùfẹ́ wọn ṣẹjọ́ lórí ohun tí kò mówó wọlé. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tí ń tẹ ìwé náà, kí ẹ béèrè ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sọ iye ojú-ìwé tí ìtàn yín jẹ́, àwọn ẹ̀dá-ìtàn Fágúnwà tí ẹ lò, àti ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà tà á, kí ẹ sì fi orí kan sínú rẹ̀. Orí odò oníwin méjì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán.