Káàdì ìnṣọ́ránsì wà lọ́wọ́ mi, mo ṣì tún sanwó

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, Ìbàdàn níbí. Ìyàwó mi bímọ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àtìgbà yẹn ni ò ti ṣe bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, á kàn jókòó á máa sunkún, ọmọ á máa ké ò ní yíjú sí i, oorun ò sí lójú ẹ̀. Màmá mi ní abísínwín ni, ká gbé e lọ sórí òkè. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ló ní ká lọ rí àwọn tó ń ṣe káńsẹ́lìn. Mo mú káàdì, ó di ọsíbítù ńlá kan, wọ́n ní kóòdù mi dà, mi ò mọ kóòdù kankan, ni mo bá sanwó lápò ara mi. Ṣé ibà àti táífọ́ọ̀dù nìkan ni ìnṣọ́ránsì yìí wà fún ni? Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ọ́fíìsì.
Bàbá Ìkókó, Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìkókó, ẹ kú oríire ọmọ, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kì í ṣe gbogbo ìyá ọmọ tó ń sunkún ló ní abísínwín o. Ẹni tó ní abísínwín lè máa gbóhùn tẹ́lòmíì ò gbọ́, kó máa sọ ìsọkúsọ. Èyí tẹ́ ẹ kọ yìí jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá àwọn abiyamọ, dókítà ló máa sọ bóyá òun ni, ó sì ní ìtọ́jú. Èmi náà ń gbàdúrà o, àmọ́ ẹ má mú ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ gbààwẹ̀ lórí òkè kankan, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wá ku owó. Kì í ṣe ibà nìkan! Àìríoorunsùn àti àníyàn àníjù wà nínú ohun tí NHIA, àjọ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ìlera ní Nàìjíríà, kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa tọ́jú. Ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í ni pé ẹ fo ọsíbítù tí wọ́n kọ orúkọ yín sí. Òun ni HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá yín bójú tó owó ìnṣọ́ránsì, ń sanwó fún lóṣooṣù lórí yín, ẹ lọ o ẹ ò lọ o, ibẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìyàwó yín sọ ọ́ fún dókítà ibẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kó má lọ sọ pé "orí ló ń fọ́ mi" kí wọ́n wá fún un ní parasítámọ́ọ̀lù o. Dókítà á kọ ọ́ ránṣẹ́ síbi tó tóbi, bíi UCH, HMO á fi kóòdù sí i, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, ìgbà tí kóòdù bá jáde lẹ tó ń lọ. Tó bá ń pẹ́, ẹ máa pè wọ́n, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀, àwọn míì ò ní ṣe é àfi tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n lẹ́nu. Tóògùn bá wà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ lẹ máa san.

Ẹ bi HMO ní tààrà: ṣé dókítà ọpọlọ nìkan ni, àbí ẹni tó ń jókòó tini sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n á san? Tẹ́ ẹ bá lọ bá oníkáńsẹ́lìn aládàáni tí ò sí lórí ìwé wọn, ẹ má retí owó yẹn padà.

Tó bá wá ń sọ pé òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ léṣe, ẹ má dúró de kóòdù, ẹ gbé e lọ sí èmájẹ́ńsì lóru náà, kóòdù á tẹ̀ lé e.

Ti ọ́fíìsì, àárín ọsíbítù àti HMO ni kóòdù ń gbà, kì í dé tábìlì ọ̀gá yín, òfin ìlera 2014 sì ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́. Ẹ tún rántí fi orúkọ ìkókó síbẹ̀, ọkọ tàbí aya àtọmọ mẹ́rin tí ò tíì pé ọdún 18 ló wà lórí káàdì yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, mi ò ṣiṣẹ́ ìjọba, ṣé ó kàn mí? Ìyá Ẹlẹ́wà

ÌDÁHÙN: Ó kàn yín o, òfin 2022 ní kí gbogbo wa ní in. Ẹ wá àwọn OYSHIA, ìnṣọ́ránsì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn, ètò wà níbẹ̀ fáwọn ọlọ́jà. Ẹ mú NIN dání, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ọjọ́ tí káàdì máa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.