Èsì: táyà 285 lábẹ́ 4Runner

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní táyà ńlá 285/70R17 tí ẹ gbé sí ọkọ̀ Toyota 4Runner yín ń ha inú mọ́dígáàdì bí ẹ bá ti yí sitíárìn dé òpin, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí panẹbítà kúkú gé e. Ẹ má tíì gé nǹkan kan o.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun etí táyà yíká. Ẹ gun ẹsẹ̀ iwájú kan lé pákó nínípọn, kí táyà lè wọnú ihò rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá rọra yí sitíárìn láti ọ̀tún dé òsì. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ń ha.

Tó bá jẹ́ ike inú nìkan, ẹ fi atẹ́gùn gbígbóná rọ̀ ọ́, kí ẹ tì í sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ etí páànù tí wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn ike yẹn, òòlù ni kí ẹ fi lù ú pẹlẹbẹ, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ò kun tèmi. Òjò ọdún kan péré, ó ti dógùn-ún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti de bọ́dì mọ́ ṣáásí, ẹ wá wẹ́dà tó mọṣẹ́, torí ó gbọ́dọ̀ jó irin mìíràn dí ojú ibi tó bá gé.

Àwọn tó ní kí ẹ kàn gbé ọkọ̀ ga, ìyẹn nìkan ò tó: tó bá já sí kòtò, táyà á ṣì gòkè wá bá mọ́dígáàdì. Spedomítà náà á sì máa purọ́ díẹ̀. Tó bá ní 100, ẹ ti ń sá bíi 103 nìyẹn, bó bá jẹ́ táyà 265/70R17, tó kéré sí èyí, ló bá ọkọ̀ wá.